Ògiri Funfun Nínú Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣu tàbí òwú. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ògiri ilé wa, bí a ṣe lè kùn ún ní funfun, àti ohun tí a lè fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tó bá funfun tán.

Ẹnì kan lè máa rò ó lọ́kàn báyìí pé: "Kí ló kàn mí kan ògiri funfun? Ṣé olówó ni mí ni? Àwọn ará Kútọnu ló ni ìyẹn." Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹni náà lóhùn. Ògiri funfun kì í ṣe ohun tí òyìnbó kó wá fún wa. Ta ni kò mọ ẹfun nínú wa? Ẹfun ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etí òkun. Àwọn tó ń bọ Ọbàtálá ń fi ẹfun kun ojúbọ rẹ̀ títí di òní. Ní Ilé-Ifẹ̀, ojúbọ kan wà tí wọ́n ń pè ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè. Àwọn obìnrin ló máa ń kun ògiri ibẹ̀. Wọ́n á fi funfun, pupa àti dúdú ya oríṣiríṣi àwòrán sára rẹ̀. Bí ọdún òrìṣà bá tún dé, wọ́n á tún un kùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Campbell kọ odindi ìwé kan lórí irú iṣẹ́ ara ògiri ojúbọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2008. Ẹ ò rí nǹkan! Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé ti di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà.

Mo mọ̀ pé onígbàgbọ́ wà níbí, mùsùlùmí wà níbí, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà sì wà níbí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun kò lè fọwọ́ kan ẹfun nítorí òrìṣà. Ẹfun kò ní ẹ̀sìn. Erùpẹ̀ ni. Ilẹ̀ ni a ti wà á, ara ilé ni a sì fẹ́ fi í sí.

Kí wá ni ògiri funfun ń ṣe fún onílé?

Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ jẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú yàrá wa ló jẹ́ pé fèrèsé kékeré kan ṣoṣo ló ní. Bí ògiri bá dúdú, ńṣe ló máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé mì. Bí ògiri bá funfun, á dá ìmọ́lẹ̀ náà padà sínú yàrá. Ẹ gbé àtùpà kan sínú yàrá tí èéfín ti sọ di dúdú, kí ẹ tún gbé àtùpà kan náà sínú yàrá funfun, ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ojú yín ti ń dàgbà, tí ẹ sì ń fi ojú náà wá lẹ́tà kéékèèké lálẹ́, ẹ mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Ooru ń kọ́? Funfun kì í fa oòrùn mọ́ra bí dúdú. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ẹ fọwọ́ kan ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó rí i pé ó gbóná bí ìkòkò. Gbogbo ooru yẹn ló máa wọ inú yàrá wá bá yín lóru. Bí ẹ bá fi ẹfun kun ẹ̀yìn ògiri náà, kò ní mu ooru tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká gbogbo ilé, kó kọ́kọ́ kun ìta ògiri ìwọ̀-oòrùn, kó sì kun inú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí.

Ṣùgbọ́n àǹfààní tí èmi fẹ́ràn jù ni èyí: ògiri funfun kì í bo àṣírí. Bí ikán bá ń gun ògiri dúdú, ẹ ò ní mọ̀ títí yóò fi jẹ igi àjà yín tán. Lára ògiri funfun, ọjọ́ tí ikán bá fa ìlà erùpẹ̀ rẹ̀ kọjá ni ojú yín á rí i. Bí páànù bá ń jò, omi á fa ìlà pupa wálẹ̀ láti òkè, ẹ ó sì mọ ibi tó yẹ kí ẹ dí. Bí ògiri bá sán, ẹ ó tètè rí i. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí ògiri kò lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Àkeekèé tó lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́bàá ẹní ọmọ, ìdun tó ń rìn bọ̀ láti inú igi ibùsùn, gbogbo wọn ni funfun máa ń tú fó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sórí rẹ̀ nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́.

Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri náà fẹ́ràn láti bà síbi tó ṣókùnkùn. Ara ògiri funfun, ẹ ó máa rí i. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé ògiri funfun ń lé ẹ̀fọn lọ. Kò lè lé e. Inú àpò ẹ̀fọn ni kí ẹ sùn, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín. Ohun kan tún wà níbẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá wá fọ́n oògùn ẹ̀fọn sára ògiri yín, ẹ má ṣe kun ògiri náà lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Ẹfun á bo oògùn mọ́lẹ̀, wàhálà wọn á sì di asán. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, kí ẹ kùn ún ṣáájú wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tó ń dùn mí.

Nígbà tí owó kajú bá wọlé ní àgbègbè wa yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń kọ́kọ́ rò ni pé kí àwọn tún ilé ṣe. Ìrònú rere ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbé e gbà ni kò dára. Mo mọ bàbá kan tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé alámọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ́ sílẹ̀ ló ń gbé. Ó ta kajú, ó ra sìmẹ́ńtì, ó pe mọlémọlé, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ilé náà láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n wá fi ọ̀dà olóróró funfun kùn ún. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí i. Òjò ọdún kìíní, kò sí ohun tó ṣe é. Òjò ọdún kejì, ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, ó ń dún gbọ̀n-gbọ̀n bí igbá tó ṣófo. Ní ọdún kẹta, lóru ọjọ́ kan, sìmẹ́ńtì náà já lulẹ̀, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Kò já lásán, ó gbé amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dání. Ògiri tí bàbá rẹ̀ mọ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan wá di pẹlẹbẹ. Ọlọ́run ló yọ àwọn ọmọ tó ń sùn nínú yàrá náà.

Kí ló fà á? Amọ̀ ń mu omi, amọ̀ sì ń mí. Bí òjò bá rọ̀, á mu omi díẹ̀. Bí oòrùn bá yọ, á mí omi náà jáde. Ilẹ̀ pàápàá ń fi omi ránṣẹ́ sókè sínú ògiri láti ìsàlẹ̀. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi yẹn ráyè jáde dáadáa, ọ̀dà olóróró kì í tilẹ̀ jẹ́ kó jáde rárá. Omi á há sáàárín. Amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́lẹ̀, bí ẹni tí egbò rẹ̀ ń kẹ̀ lábẹ́ aṣọ tuntun. Yàtọ̀ sí èyí, sìmẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀. Nígbà tí ooru bá mú wọn, tí ọ̀rinrin sì bá wọn, wọn kì í wú bákan náà, wọn kì í sì sún bákan náà. Ẹni méjì tí kò lè rìn pọ̀ ni wọ́n.

N kò sọ pé sìmẹ́ńtì burú o. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ló jọ dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní Onígbòló, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ẹni tó bá fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kọ́lé, kó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ẹni tó fi amọ̀ kọ́lé, kó fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Owó tí ẹ̀ bá fi ra sìmẹ́ńtì tí ẹ fẹ́ fi bo ojú ògiri amọ̀, ẹ fi ra páànù tí yóò yọ síta ju ògiri lọ, kí omi òjò má bàa máa ṣàn lára ilé. Ibẹ̀ ni owó ti wúlò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ṣábẹ nìkan. Ní Àgbómẹ̀, níbi tí àfin àwọn ọba Dàhòmì wà, amọ̀ ni wọ́n fi mọ àwọn àwòrán tó yọ síta lára ògiri, tí wọ́n wá kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀: kìnnìún, ẹja, ọkọ̀ ojú omi, ogun tí ọba jà. Ní ọdún 1985, àjọ UNESCO kọ orúkọ àfin náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Síbẹ̀, amọ̀ ni amọ̀. Òjò àti ikán bá a jà. Láti ọdún 1993 títí di 1997, àwọn òṣìṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn amọṣẹ́ láti iléeṣẹ́ Getty ní Amẹ́ríkà jọ tún àwòrán àfin Ọba Glèlè ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Bí àfin ọba bá ń fẹ́ ìtọ́jú, ṣé tiwa ni kò ní fẹ́?

Ibòmíràn tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ni Tiébélé, ní gúúsù Burkina Faso, nítòsí ẹnubodè Gánà. Àwọn ará Kassena ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló ń mọ ilé, àwọn obìnrin ló ń kùn ún. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìkórè, àwọn ìyá àgbà á kó àwọn ọmọbìnrin jọ. Wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ògiri, wọ́n á fi pupa, dúdú àti funfun ya àwòrán sí i, wọ́n á sì fi òkúta tó ń dán ra á títí yóò fi dán. Ní ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ orúkọ àfin Tiébélé náà sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Kí ni wọ́n fi ń dáàbò bo iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ òjò? Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe irú: omi èèpo igi igbá ni. Igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú yìí kan náà! Wọ́n ń se èèpo rẹ̀, wọ́n ń fi omi rẹ̀ tó pọ́n kun ògiri. Ó máa ń mú kí ojú amọ̀ le, kí omi má tètè wọ inú rẹ̀. A ní igi igbá ní gbogbo oko Ṣábẹ. A ń yọ kóró rẹ̀, a sì ń da èèpo rẹ̀ sí ààtàn.

Wàyí o, iṣẹ́ yá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà rẹ̀. Ẹ má ṣe dúró títí òjò oṣù kẹrin yóò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹfun tí a fi sí ògiri tútù kì í pẹ́ ṣí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹfun rárá, ẹ wo orí ilé àti ẹsẹ̀ ilé. Ṣé páànù kò jò? Ṣé omi òjò ń rí ibi gbà lọ, àbí ẹsẹ̀ ògiri ló ń dúró sí? Ẹ la ojú omi kó jìnnà sí ògiri. Bí ẹ bá fo èyí, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn rẹ̀ kò wúlò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi amọ̀ rẹ́ ibi tó bá ti wó tàbí tó bá ti sán. Amọ̀ nìkan á sán bó bá gbẹ, yanrìn nìkan kò ní di ara wọn mú. Ẹ ní láti po wọ́n pọ̀, kí ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i. Ẹlòmíràn máa ń fi ìgbẹ́ màlúù díẹ̀ sí i, ó sì dára. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ ìwọ̀n yanrìn? Ilẹ̀ ibì kan kò rí bíi ti ibòmíràn, torí náà kò sí ẹni tó lè fi ẹnu lásán sọ ọ́ fún yín. Ẹ po oríṣi mẹ́ta: amọ̀ ife 1 sí yanrìn ife 1, amọ̀ ife 1 sí yanrìn ife 2, amọ̀ ife 1 sí yanrìn ife 3. Ẹ rẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ògiri, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 3 tàbí 4. Èyí tí kò bá sán, tí kò sì ṣí bí ẹ bá fi ọwọ́ ra á, òun ni tiyín. Kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ wọ́n omi sí ògiri. Amọ̀ tútù kì í lẹ̀ mọ́ ògiri gbígbẹ.

Ẹfun wà lọ́jà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ewé àti egbò. Òun náà ni àwọn aboyún kan máa ń jẹ; ìyẹn kò dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni. Ẹ fọ́ ẹfun wẹ́wẹ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fi í kun ògiri bẹ́ẹ̀, yóò funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá fẹ̀yìn ti ògiri ni yóò máa gbé e lọ sílé. Ó ń fẹ́ ohun tí yóò mú un lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe gàrí, omi tí ẹ bá fún jáde lára ẹ̀gẹ́ máa ń fi ohun funfun kan silẹ̀ nísàlẹ̀ àwo. Ẹ ro ó lórí iná bí èyí tí wọ́n fi ń mú aṣọ le. Ife kékeré 1 rẹ̀ tó fún korobá ẹfun 1. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù, nítorí aáyán fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń bu nígbà òjò. Ẹfun tí ẹ pò yìí gbọ́dọ̀ ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Bó bá ki bí àmàlà, yóò gbẹ, yóò sì ṣí pàlà-pàlà.

Ẹ fi ohun rírọ̀ kùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn lọ. Ẹ kùn ún lọ sókè sódò ní àkọ́kọ́, kí ó gbẹ. Ẹ kùn ún lọ sọ́tùn-ún sósì ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ má dààmú bí kò bá funfun nígbà tó ṣì tutù. Ìgbà tó bá gbẹ ni funfun rẹ̀ máa ń jáde.

Oríṣi funfun kan tún wà tí wọ́n fi òkúta tàbí ìkarahun sísun ṣe, tí àwọn mọlémọlé wa ń fi Faransé pè ní chaux. Ó le ju ẹfun lọ, kì í tètè ṣí, ó sì ń pa kòkòrò àìsàn lára ògiri. Ó ń jẹ́ kí amọ̀ mí. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó o, kó rà á. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún un o! Èyí tí wọn kò tíì fi omi pa máa ń hó bí ẹ bá da omi sí i, ó lè bó èèyàn lára, ó lè fọ́ ojú. Èyí tí wọ́n ti fi omi pa, tó ti di ìyẹ̀fun, ni kí ẹ rà. Síbẹ̀, ẹ wọ bàtà, ẹ fi aṣọ di ọwọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Bó bá ta sí ẹni lójú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ojú náà fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ọ̀dà olóróró inú agolo, yàtọ̀ sí pé kò bá amọ̀ mu, àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n fi òjé sí. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bí irú ọ̀dà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ bá ń ṣí nílé yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi sẹ́nu, ẹ má sì ha á ní gbígbẹ, kí eruku rẹ̀ má bàa bo ilé.

Nísinsìnyí, ògiri ti funfun. Báwo ni a ó ṣe ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́?

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ wa pupa. Bí òjò bá rọ̀, á ta ẹrẹ̀ pupa sára ògiri funfun, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ilé á ti dà bí aṣọ àlà tí wọ́n wọ́ nínú ẹrẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kun ìsàlẹ̀ ní funfun rárá. Láti ilẹ̀ títí dé orúnkún, ẹ fi amọ̀ pupa tí ẹ bá wà nídìí yangí kùn ún, tàbí kí ẹ fi èédú tí ẹ lọ̀ kúnná kùn ún ní dúdú. Àwọn ìyá wa àtijọ́ máa ń gún ewé ẹ̀lú, wọ́n á fi pa ògiri àti ilẹ̀ ilé, á sì dúdú rẹ̀mù. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi èèpo igbá ti wúlò jù nìyí. Ẹ se èèpo náà títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n bí omi àgbo, ẹ fi kun pupa tàbí dúdú yìí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ má fi sára funfun, yóò sọ ọ́ di ràkọ̀ràkọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi pupa tàbí dúdú fa ìlà yí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé ká. Ìlà náà yóò mú kí funfun ògiri tún yọ sí i. Ẹ lè fi ìka ya ìgbì sára amọ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ tó kùn ún. Ẹ lè ya aláǹgbá, ẹ lè ya àwọn òkè Ṣábẹ tí gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà Parakú ń wò. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ, kí ló dé tí ẹ kò ní kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà sókè ẹnu ọ̀nà? Ẹ bi àgbà ilé léèrè ọdún náà nígbà tó ṣì wà láyé láti sọ ọ́. Orúkọ ẹni tó kọ́ ilé náà kò gba àyè púpọ̀.

Ní ti inú yàrá, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò. Mo ti wọ yàrá tó jẹ́ pé kàlẹ́ńdà 8 tàbí 10 ló wà lára ògiri, ti ọdún tó kọjá, ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ti òṣèlú tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Ẹ̀yìn àwọn kàlẹ́ńdà wọ̀nyẹn ni aáyán, ìdun àti àkeekèé fi ṣe ilé. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa àṣírí? Ẹ ti kun ògiri kí ẹ lè rí ikán, ẹ wá fi bébà bo ikán náà lójú! Kàlẹ́ńdà ọdún yìí kan ṣoṣo tó. Ẹ jẹ́ kí ògiri máa rí afẹ́fẹ́.

Ìwọ̀nba ohun tó rẹwà ni kí ẹ fi kọ́. Igbá fínfín kan, àwo tánganran tí ìyá yín gbé wá sílé ọkọ, ẹní aláràbarà kan, àwòrán bàbá tó ti lọ. Lára ògiri funfun, ohun kan ṣoṣo á dá yàtọ̀, ojú gbogbo ẹni tó bá wọlé á lọ síbẹ̀. Lára ògiri tó ti kún, ogún ohun kò jọjú. Ẹ má sì fi òòlù gbá ìṣó mọ́ ògiri amọ̀, yóò sán. Nígbà tí ẹ bá ń rẹ́ ògiri, ẹ ki èèkàn igi tó le bọ inú amọ̀ tútù ní ibi tí ẹ mọ̀ pé ẹ ó fi nǹkan kọ́ sí. Bí amọ̀ bá gbẹ, èèkàn náà kò ní yẹ̀.

Ìyá kan lè sọ pé: "Ẹfun yìí, ṣé kò ní ṣí?" Yóò ṣí, ìyá. Lọ́dọọdún ni ẹ ó máa tún un kùn, bí àwọn obìnrin Ifẹ̀ ti ń ṣe. Ọjọ́ 1 tàbí 2 ni, bí gbogbo àwọn ìyàwó ilé bá pawọ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin wà níbẹ̀, kí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú agolo amọ̀ 1 wá láti ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ní àdúgbò rẹ̀, àti agolo yanrìn 1. Ẹ kọ orúkọ yín àti orúkọ ibi tí ẹ ti wà á sórí bébà kékeré kan, kí ẹ fi í sínú agolo náà. Àwọn ìyá tó ń ṣe irú, kí wọ́n bá wa kó èèpo igbá apẹ̀rẹ̀ kan dání. Ògiri ẹ̀yìn kíláàsì yìí ni a ó fi dán an wò: a ó rẹ́ amọ̀ kálukú sára rẹ̀, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, a ó sì padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ 4 láti mọ ti ta ni kò sán.